Orin Lórí Kẹ̀kẹ́, Ṣòkòtò Lójú Títì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ eléyìí kí ọkàn mi lè balẹ̀: alágbàfọ̀ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín yìí kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í bá ènìyàn jà. Bí ó bá fọ aṣọ, aṣọ á mọ́. Bí ó bá lọ̀ ọ́, ìlà rẹ̀ á mú débi pé eṣinṣin kò ní fẹ́ bà lé e kó má baà gé e lẹ́sẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Ó gbà pé òun lè kọrin.

Tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ tó sì dákẹ́, ìbá sàn. Rárá o! Ó fún ara rẹ̀ lórúkọ. Ohùn-Iyọ̀! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lókè ibi tó kọ "A ń fọṣọ, a ń lọṣọ" sí. Àwa tí a mọ ohùn náà kò jiyàn pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó da iyọ̀ sí i ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ẹ máa bi mí pé, ṣé òun alára kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ni? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kò gbọ́ ọ rí! Láti ọjọ́ tó ti ra íápíìsì, okùn tí wọ́n ń kì bọ etí méjèèjì kí orin inú fóònù lè wọlé tààrà, kò kọ orin kan rí láìkì í bọ etí. Á yí fóònù sókè títí tí kò fi ní lè yí mọ́, á ya ẹnu. Olórin inú fóònù á máa kọ ọ́, òun náà á máa kọ ọ́, etí rẹ̀ á sì máa gbọ́ ti olórin. Á wá mi orí. Á ní, "Háà! Ọlọ́run mà dá mi lọ́lá o!" Ohùn olóhùn ló ń gbádùn, ó rò pé tòun ni. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Tirẹ̀ ti fọ́ nínú ọ̀fun kó tó rí ilẹ̀ tó máa bọ́ sí.

Ọkùnrin atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀ gbìyànjú láti gbà á là.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "nígbàkígbà tí o bá ti ń kọrin, ajá mi máa ń sá wọ abẹ́ tábìlì."

"Ojú ló ń tì í," Ohùn-Iyọ̀ dá a lóhùn. "Ajá yẹn mọ ẹni ńlá."

"Kò burú. Ohun kejì tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni pé kí èèyàn máa dí etí lórí kẹ̀kẹ́, ewu ni. Títì kì í ṣe yàrá rẹ."

"Etí tèmi yàtọ̀! Bí èèrà bá húkọ́ lẹ́yìn mi, mo máa gbọ́. Etí kan ń gbọ́ orin, etí kejì ń gbọ́ ayé."

"Méjèèjì náà lo dí."

"Ọ̀rẹ́, ìlara ò dáa o."

Kí lẹ fẹ́ kó tún sọ? Ó padà sídìí táyà tó ń lẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò sọ òótọ́ fún Ohùn-Iyọ̀ ní gbogbo àdúgbò yẹn, ìfẹ́ ló sì fà á. Aránṣọ ni, ọmọbìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn dọ́ba. Bí Ohùn-Iyọ̀ bá yọjú tó béèrè pé, "Ohùn mi àárọ̀ yìí ńkọ́?" Aránṣọ á ní, "Ó lágbára," á sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ariwo tibí lè bo ariwo tọ̀hún mọ́lẹ̀. Ohùn-Iyọ̀ á padà sídìí áyọ́ọ̀nù, inú rẹ̀ á máa dùn. Ohun tó bá lágbára, ṣé kì í ṣe ohun tó dára ni?

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá Aránṣọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ohùn tàn jẹ. Bàbá Onídùùrù ni gbogbo ìlú ń pè é. Dùùrù ló fi tọ́mọ, dùùrù ló fi kọ́lé, òun sì tún ni olórí ẹgbẹ́ akọrin tó tóbi jù nílùú. Etí bàbá yìí mú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ̀fọn méjì bá ń kùn nínú yàrá rẹ̀, á ní kí èyí tí kò bá ohùn mu jáde síta. Ó ti gbọ́ pé alágbàfọ̀ kan ń wá ọmọ òun. Kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lọ́jọ́ kan, Aránṣọ gbé àpò kan wọ ṣọ́ọ̀bù Ohùn-Iyọ̀, ó rọra gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé ìkókó.

"Kóòtù funfun bàbá mi nìyí," ó ní. "Ṣòkòtò rẹ̀ nìyí, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ wọn fẹ́ kọrin ní gbọ̀ngàn ńlá lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún wọn pé ìwọ lo máa fọ̀ ọ́."

"Kí ni Bàbá ní?"

"Wọ́n ní kí o gbé e wá sílé fúnra rẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí àwọn lè fi ojú kàn ọ́. Bí iṣẹ́ rẹ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ wá tọrọ mi. Bí o bá wá ba nǹkan jẹ́..."

Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni Ohùn-Iyọ̀ bi í? Ó ní, "Orin wo ni wọ́n fẹ́ kọ?"

Aránṣọ ṣe bíi kó má dáhùn. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í yá a lẹ́nu. "'Ìrì Òwúrọ̀' ni. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Má ṣèyọnu!"

"Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ọ́. Aṣọ nìkan ni wọ́n ní kí o gbé wá."

Má ṣèyọnu kẹ̀! Ohùn-Iyọ̀ ti rí i nínú ọkàn rẹ̀ bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa rí. Á gbé aṣọ kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á kó "Ìrì Òwúrọ̀" sẹ́nu nínú pálọ̀ Bàbá Onídùùrù. Bàbá á sunkún. Bàbá á ní níbo lo wà láti ọjọ́ yìí. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ló wa orin náà sínú fóònù rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ tọ̀sán-tòru títí ajá atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi kúkú kó lọ sábẹ́ tábìlì pátápátá.

Sátidé pé. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, aṣọ yẹn mọ́! Kóòtù náà funfun débi pé èèyàn ń ṣẹ́jú tó bá wò ó. Ohùn-Iyọ̀ tẹ́ aṣọ ìdìpọ̀ sílẹ̀, ó fi kóòtù sísàlẹ̀, ó fi ṣòkòtò lé e, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì lé ṣòkòtò, ó wé e, ó gbé e sórí káríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó na ọwọ́ mú rọ́bà tó fi ń di ẹrù, èyí tí wọ́n gé lára táyà inú. Ibẹ̀ ni èṣù ti bá a sọ̀rọ̀.

Ó rí i pé tí fóònù bá wà lápò, òun ò ní lè máa dá orin padà síbi tó le. Ibi kan wà nínú "Ìrì Òwúrọ̀" tí ohùn ń gòkè lọ bí ẹni gun àkàbà, ibẹ̀ ló sì fẹ́ fi pa Bàbá. Ó yẹ kí fóònù wà níwájú òun, lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ìka lè máa tẹ̀ ẹ́. Kí ni ó wá máa fi dì í mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́? Rọ́bà kan ṣoṣo ló ní. Ó wo ẹrù, ó wo fóònù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó di fóònù! Ó dì í gírígírí, ó fi etí aṣọ ìdìpọ̀ há abẹ́ káríà lásán, ó sì gbá ẹrù náà lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ kó má sọ̀ kalẹ̀.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kígbe láti òdìkejì títì pé, "Rọ́bà ẹrù rẹ dà?"

Etí ti dí. Ohùn-Iyọ̀ rí i pé ẹnu ọ̀rẹ́ òun ń mì, ó rò pé ó ń kí òun ni. "Ó dàbọ̀ o!" ló fi dá a lóhùn. Ó tẹ orin, ó wa kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ẹ̀yin náà mọ irú títì bẹ́ẹ̀: ibi tó bá tẹ́jú, ọkọ̀ ló wà níbẹ̀, ibi tí kò bá sí ọkọ̀, kòtò ló wà níbẹ̀. Kòtò àkọ́kọ́ ló tú ìdìpọ̀. Afẹ́fẹ́ bọ́ sínú rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Onídùùrù gbéra níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ó na apá méjèèjì, ó sì balẹ̀ sórí títì bí ẹni tí àárẹ̀ mú.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà pariwo. Wọ́n gbé òòlù sókè, wọ́n ń fì í, wọ́n ń nawọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ohùn-Iyọ̀ rí wọn. Orí rẹ̀ wú.

"Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ orin!" ló wí. Ó juwọ́ sí wọn bí ọba, ó sì fi kún ohùn.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Ohùn-Iyọ̀ ń dín kù ní tirẹ̀ ni. Nígbà tó dé ìyànà tó kàn, ṣòkòtò ló yọ́ kúrò, tó sùn gbalaja sójú títì. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sókè, ó sáré tẹ̀lé e, ó ń ké, "Ọ̀gbẹ́ni! Ọ̀gbẹ́ni!"

Ohùn-Iyọ̀ bojú wẹ̀yìn díẹ̀, ó rí i bó ṣe ń sáré. Àánú ṣe é. "Màmá, ẹ má sáré mọ́!" ó kígbe. "Ẹ lè gbọ́ ọ láti ibi tí ẹ wà!"

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ń gbọ́ ọ láti ibi tí wọ́n wà, kódà àwọn tí kò sí níbẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí òun kò mọ̀ fún yín. Tákísì kan ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà tí ṣẹ́ẹ̀tì ti balẹ̀. Ta ló jókòó sínú rẹ̀? Bàbá Onídùùrù! Ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó ti gé irun fún òde ọ̀sán. Ó ṣàdédé rí ṣẹ́ẹ̀tì kan nílẹ̀, ó sì mọ bọ́tìnnì rẹ̀, torí ọmọ rẹ̀ ló rán an.

"Dúró! Dúró! Ṣẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn!"

Dírẹ́bà dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú un. Wọ́n sáré, ó ku díẹ̀ kí wọ́n bá kẹ̀kẹ́ náà, ni ọkọ̀ tó ń kó yanrìn bá kọjá lórí nǹkan funfun kan níwájú wọn.

"Yéè! Ṣòkòtò mi!"

Dírẹ́bà tún dúró. Bí wọ́n ṣe ń lé e lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti fẹ́ bá a, wọ́n á rí ohun tí wọ́n máa ṣà nílẹ̀. Dírẹ́bà tẹ họ́ọ̀nù títí ọwọ́ fi ń ro ó. Páà! Páà-páà! Páàààà!

Ohùn-Iyọ̀ gbọ́ ọ. Ẹ má sọ pé etí rẹ̀ kò mú o, ó gbọ́ ọ! Ó mi orí, ó ní, "Fèrè yìí ò sí nínú orin yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe! Ó mà bá a mu o!" Ó sì ń fi ìka lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e.

Ó ku kóòtù. Ìkóríta ńlá ló ti kúrò ní tirẹ̀, níbi tí ọlọ́pàá kan ti ń darí ọkọ̀. Bí Ohùn-Iyọ̀ ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tó le nínú orin dé. Ó ya ẹnu, ó dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́, ó fi gbogbo ara kọ ọ́. Kóòtù fò. Kò wá ibòmíràn bà sí, orí ọlọ́pàá ni. Ó bò ó láti orí dé àyà. Ọlọ́pàá ò rí nǹkan kan mọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú òkùnkùn, gbogbo ọkọ̀ ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró pa.

Ohùn-Iyọ̀ nìkan ló ń lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí gbogbo ọkọ̀ tó dúró. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìjọba náà ti mọ̀ mí," ló sọ fún ara rẹ̀.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé Bàbá Onídùùrù. Aránṣọ ló ti dúró síta ń retí rẹ̀. Ó rí olólùfẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀, ó rí aṣọ ìdìpọ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí àsíá, kò rí ohun mìíràn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Má sunkún," Ohùn-Iyọ̀ wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Mo mọ̀ pé o ti ń gbọ́ mi láti òkèèrè. Jẹ́ kí n gbé aṣọ Bàbá."

Ó yí sẹ́yìn. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan irin káríà, ó tutù. Ó wo abẹ́ kẹ̀kẹ́, ó gbé aṣọ ìdìpọ̀ sókè, ó gbọ̀n ọ́n, bíi pé kóòtù lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo ìgbéyàwó tó ti ṣe nínú ọkàn rẹ̀ tú ká níbẹ̀, ẹ̀rù sì bà á débi pé kò rántí yọ íápíìsì létí. Olórin ṣì ń kọ "Ìrì Òwúrọ̀" sí i létí ní tirẹ̀.

Tákísì dúró. Bàbá Onídùùrù sọ̀ kalẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, kóòtù wà ní apá òsì, ṣòkòtò tó ní ojú táyà lára wà lọ́rùn rẹ̀.

Ohùn-Iyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, okùn íápíìsì sì nà tán láti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé etí rẹ̀. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó fa íápíìsì yọ létí rẹ̀ kó lè gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni alágbàfọ̀ náà?" Bàbá bi í.

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Orin ló gbé ọkàn mi lọ, sà."

"Orin? Orin wo?"

"Èyí tí mo ń kọ bọ̀ láti ọ̀nà, sà."

Bàbá yíjú sí dírẹ́bà. "Ṣé o gbọ́? Orin ni o."

Dírẹ́bà la ẹnu sílẹ̀. "Orin kẹ̀? Mo rò pé bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni, sà! Mo ní tí mo bá lé e bá, màá fún un ní òróró kó fi sí i."

"Dìde," Bàbá wí fún Ohùn-Iyọ̀. "Kọ ọ́ kí n gbọ́. Má fi nǹkan kan sétí."

Ẹ wá wo àǹfààní tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí! Ó dìde, ó gbọn eruku, ó tún ọ̀fun ṣe. Ó ya ẹnu, "Ìrì Òwúrọ̀" sì jáde.

Ó yára bojú wẹ̀yìn. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń ké.

Kò sí ẹnìkan lẹ́yìn. Ó tún ya ẹnu, igbe náà tún jáde, ó sì rí i pé ìgbà tí òun bá ya ẹnu náà ló ń jáde. Fèrèsé ilé kejì tì gbàmù. Ohùn-Iyọ̀ dúró, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wá yíjú sí Aránṣọ.

"Báyìí ló ṣe ń rí láti ọjọ́ yìí wá?"

Aránṣọ kò lè wò ó lójú.

"O ní ó lágbára!"

"Ó lágbára lóòótọ́," Aránṣọ wí.

Ohùn-Iyọ̀ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ojú tì í, ó dùn ún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi di ikùn mú. "Ajá mà gbọ́n jù mí lọ o! Ajá sá, èmi ń sọ pé ojú ló ń tì í! Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ìyà jẹ etí yín."

"Etí mi máa yè é," Bàbá wí. "Kí ni mo fẹ́ wọ̀ lọ síbẹ̀? Ọjọ́ ti lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Ohùn-Iyọ̀ dìde. Ó béèrè omi, ó béèrè ọṣẹ, ó béèrè áyọ́ọ̀nù, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ìka fọ ojú táyà kúrò lára ṣòkòtò díẹ̀díẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ fa omi rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù gbá a gbẹ. Dírẹ́bà ti ròyìn fún un bí wọ́n ṣe bọ́ kóòtù kúrò lójú ọlọ́pàá, nítorí náà bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń bú ara rẹ̀. "Ohùn-Iyọ̀! Ta ló ní kí o kọ ọ́ sára ògiri? O ní ìjọba ti mọ̀ ọ́! Kóòtù ló wà lójú ìjọba, ọ̀dẹ̀!" Aránṣọ tó ń bá a di etí ṣòkòtò mú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Onídùùrù dúró pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò wọ́n.

Nígbà tó wọ aṣọ náà tán, ó yí níwájú dígí, ó yí padà. Ó wá àléébù títí, kò rí i. "Hmm," ló ní. Hmm nìkan! Kí ni èèyàn lè fi hmm ṣe?

Ni fóònù Bàbá bá dún. Bó ṣe ń gbọ́ ọ ni ojú rẹ̀ ń fà ro. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ìlà ẹ̀yìn ló ń pè, ohùn rẹ̀ ti há, kò lè wá.

"Méjì-méjì la tò wọ́n," Bàbá wí nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀. "Ìlà ẹ̀yìn á wá dà bí ẹnu tí eyín ká níwájú. Gbogbo èèyàn á máa wo ihò yẹn." Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, ni ojú rẹ̀ bá kan Ohùn-Iyọ̀. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Gíga yín dọ́gba."

"Èmi kẹ̀, sà?"

"O máa wọ aṣọ ẹgbẹ́. O máa dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá ya ẹnu, kí o ya tìrẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ tẹnu yẹn jáde."

"Kò sí díẹ̀ rárá, sà? Níbi tó bá rọlẹ̀ báyìí..."

"Fetí sílẹ̀, ọmọ yìí." Bàbá sún mọ́ ọn. "O gbàgbé ẹrù nítorí orin. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o lè gbàgbé orin nítorí ọmọ mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ lónìí, àní bí o bá kùn lásán, má wá síbí mọ́. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀."

Lọ́sàn-án, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Onídùùrù dúró níwájú nínú kóòtù funfun, ó gbé ọwọ́ sókè. Ohùn-Iyọ̀ wà ní ìlà ẹ̀yìn láàárín àwọn ọkùnrin tó sanra, aṣọ ẹgbẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Aránṣọ jókòó sí ìlà iwájú, ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ràn orin kò lè mọ ìyà tó jẹ ọkùnrin yìí. Kò sí nǹkan kan létí rẹ̀, ohùn gidi ló yí i ká lọ́tùn-ún lósì, ó sì dùn ju ohun gbogbo tó ti gbọ́ rí nínú fóònù lọ. Orin bẹ̀rẹ̀ sí rìn bọ̀ láti inú ikùn rẹ̀. Ó dé àyà, ó gbé e mì. Ó padà wá, ó dé ọ̀fun, ó tún gbé e mì. Ó bu ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Òógùn bò ó. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta bí okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ.

Ibi tó le wá dé, ibi tí ohùn ti ń gun àkàbà. Gbogbo ẹgbẹ́ gòkè lọ. Ohùn-Iyọ̀ ya ẹnu débi pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè ka eyín ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá Onídùùrù wò ó. Aránṣọ di ojú.

Kò sí nǹkan kan tó jáde. Omi ojú nìkan ló jáde, ó ń dà wàràwàrà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, nítorí orin náà dùn, kò sì lè kọ ọ́, ó sì fẹ́ràn ọmọbìnrin tó jókòó síwájú yẹn ju orin lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pọ́n wọn. Bàbá Onídùùrù sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn àga wá bá Ohùn-Iyọ̀, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn létí.

"Mi ò gbọ́ ọ rárá," ó ní. "Kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀."

Ìdùnnú fẹ́ pa á! Ó ya ẹnu láti hó, Aránṣọ tó ti sáré dé ibẹ̀ sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu kí nǹkan má baà bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe dúró báyìí ni ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú lẹ́ẹ̀kan wá bá wọn, ó ń nu ojú.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé ìwọ lo wà lẹ́yìn, tó ń sunkún bó ṣe ń kọrin?"

"Èmi ni, mà."

"Gbogbo wọn kọ ọ́ dáadáa, Ọlọ́run á bù kún wọn. Ṣùgbọ́n ohùn tìrẹ ló wọ̀ mí lára jù. Mo ń gbọ́ ọ lọ́tọ̀ láàárín tiwọn. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, báwo lo ṣe ń ṣe é tó fi dùn tó báyìí?"

Aránṣọ wo ilẹ̀. Bàbá Onídùùrù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń húkọ́. Ohùn-Iyọ̀ tẹríba fún ìyá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Mo dákẹ́ ni, mà."